Ìkógòsì: Ọjọ́ Tí Ìyá Mi Ki Ẹsẹ̀ Bọ Odò

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rẹ́ mi kan níbi iṣẹ́ ló lọ lo ìsinmi ní Íjíbítì. Látìgbà tó ti dé ni kò ti jẹ́ ká gbádùn nídìí àmàlà wa lọ́sàn-án. Ó ní omi Òkun Pupa lọ́ wọ́ọ́rọ́, pé wọ́n gbé àgbá atẹ́gùn kọ́ òun lẹ́yìn, wọ́n fi nǹkan tí òun ń fi mí há òun lẹ́nu, lòun bá rì wọlẹ̀ lọ bá àwọn ẹja aláràbarà. Wọ́n ní èmi ńkọ́, omi wo lèmi ti wọ̀ rí? Mo ní ti Ìkógòsì ni. Ni gbogbo wọn bá bú sẹ́rìn-ín.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí n ò fi ní fi Ìkógòsì tèmi pààrọ̀.

Ọmọ Lánlátẹ̀ ni mí, nílẹ̀ Ìbàràpá. Ìlú wa ni wọ́n gbé àwọn àwo ńlá tó ń bá sátẹ́láìtì sọ̀rọ̀ sí níbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Ẹni tó wà l'Ékòó lè gba ọ̀dọ̀ wa bá Lọ́ńdọ́nù sọ̀rọ̀, àmọ́ omi adágún ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń pọn mu lágbègbè wa, sobìà sì wà nínú ẹ̀. Ẹni tó ní sobìà á ki ẹsẹ̀ bọ omi, aràn náà á tú ọmọ síbẹ̀, kòkòrò tíntìntín inú omi á gbé e mì, ẹlòmíì á wá bu omi náà mu. Ó di bí ọdún kan kó tó yọ lára onítọ̀hún. Ó lè gùn tó mítà kan, igi kékeré ni wọ́n sì fi ń wé e jáde díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí wọ́n kà á káàkiri Nàìjíríà níparí àwọn ọdún 1980, àwọn tó mú lé ní 650,000.

Ó mú ìyá mi náà. Odidi ẹ̀ẹ̀rùn kan ni wọ́n fi wà lórí ẹní, orúnkún wọn ọ̀tún ò sì ká dáadáa mọ́ títí dòní. Látìgbà náà ni wọn ò ti ki ẹsẹ̀ bọ odò mọ́. Ọmọ tó bá sì dé etí omi nínú àwa náà, ẹgba ni. Mo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún kí n tó sanwó kọ́ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́ l'Ékòó.

Lọ́dún Àjíǹde kan, mo kó ìyàwó àtàwọn ọmọ, mo yà gbé ìyá mi. A gba Erúwà bọ́ sí Ìbàdàn, a gba Ifẹ̀ àti Iléṣà, a wá gun òkè lọ sí Èfọ̀n-Aláayè. Nígbà tá a dé Iléṣà ni wọ́n bi mí pé, "Àkànní, ṣé kò sómi ní Lánlátẹ̀ ni?"

Omi méjì ló ń sun ní Ìkógòsì, ọ̀kan gbóná, ọ̀kan tutù, wọ́n á wá lọ pàdé ara wọn. Ooru ti gbígbóná tó ìwọ̀n 70 lójú ìsun, ó sì máa ń tó 37 níbi tí wọ́n ti pàdé, bí ara èèyàn gan-an. Kò sẹ́ni tó ń dáná sí i o. Ìsàlẹ̀ ilẹ̀ lọ́hùn-ún ló ti ń gbóná kó tó gba inú àpáta tó sán gòkè. Àwọn ará ibẹ̀ ní tiwọn ń pa á nítàn pé orogún méjì ni wọ́n: oníjàgídíjàgan ló di gbígbóná, oníwà tútù ló di èkejì. Ìyàwó mi ní òun ni omi tútù. Ìyá mi wò ó, wọn ò sọ nǹkan kan.

Wọ́n fa omi gbígbóná náà sí ibi ìlúwẹ̀ẹ́ kan. Mo fi awò omi sójú, mo bẹ́ sínú ẹ̀, mo rì lọ sísàlẹ̀. Kò sẹ́ja aláràbarà níbẹ̀, àmọ́ omi náà gbá mi mọ́ra bí aṣọ òtútù, gbogbo ariwo ayé dákẹ́. Ìgbà tí mo yọrí, ìyá mi ni mo rí létí ibẹ̀, wọ́n ti bọ́ gèlè, wọ́n ń pariwo: "Àkànní o! Jáde níbẹ̀!" Gbogbo èèyàn yíjú sí wa. Èmi bàbá ọlọ́mọ mẹ́ta jáde wọ́ọ́rọ́wọ́.

Nígbà tá a dé ibi tí omi méjèèjì ti pàdé, wọ́n bi mí pé, "Ṣé òótọ́ ni pé sobìà ti tán?" Mo ní ọdún 2008 ni wọ́n rí i gbẹ̀yìn ní Nàìjíríà, pé lọ́dún 2013 sì ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí i pé ó ti kúrò. Wọ́n ní oògùn wo ni wọ́n fi lé e? Mo ní kì í ṣe oògùn. Aṣọ tí wọ́n fi ń sẹ́ omi, kànga àti omi ẹ̀rọ, àti pé wọn ò jẹ́ kí ẹni tó ń ṣe wọ adágún mọ́.

Wọ́n ronú díẹ̀. Wọ́n di èjìká mi mú, wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n ki ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ omi gbígbóná, wọ́n ki tòsì bọ tútù. Ó tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí wọn ò fọhùn. Wọ́n wá ní, "Omi yìí ò ṣẹ̀ mí."

Àwọn àgbà ní kí sobìà tó degbò, olúgànbe là á ké pè. Nígbà tiwa, ó ti degbò kí wọ́n tó ké pè é, ó sì ti gba ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́wọ́ ìyá mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń lọ sí Ìkógòsì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi màmá yín sílé.