Ọwọ́ tó ń gbọ̀n láàárọ̀

Ọ̀rọ̀ sódábì la mú wá lónìí.

Ọmọ ọlọ́pẹ ni wá. Sódábì la fi ń gbàlejò, òun la fi ń bọ̀wọ̀ fún àwọn baba ńlá, owó rẹ̀ ló rán àwa náà níléèwé. A kò bá ọtí ṣọ̀tá.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ti Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá wa. A kò pè é ní ọ̀mùtí rí, torí kò ṣubú sójú ọ̀nà rí, kò sì bá ẹnikẹ́ni jà. Láàárọ̀ nìkan ni ọwọ́ rẹ̀ máa ń gbọ̀n, tí kò ní lè di ife omi mú. Bó bá ti gbé sódábì díẹ̀ mì, ọwọ́ á dúró. Àwa á rẹ́rìn-ín, a ó ní oògùn Bàbá ti jẹ́. Bó bá wà lóko, ọkàn rẹ̀ ò kúrò nídìí ìgò. Á ju àdá sílẹ̀, á ní òun ń bọ̀.

Nígbà tó sú wa, a tì í mọ́ yàrá kó lè jáwọ́. Lọ́jọ́ kìíní, ó ń làágùn, ó ń bì, kò sùn. Lóru, gìrì gbé e. Lọ́jọ́ kẹta, ó ń ṣa kòkòrò tí kò sí lára aṣọ rẹ̀, ó ń bá ẹni tí a kò rí sọ̀rọ̀. Àwọn kan ní ayé ló ń bá a jà. Orí zémìjàn la gbé e sí dé ilé ìwòsàn.

Nọ́ọ̀sì bi wá ní ohun méjì: Ṣé òǹgbẹ ọtí máa ń gbẹ ẹ́ débi pé kò lè ro nǹkan mìíràn? Bí kò bá mu, kí ló ń ṣe é? A mọ ìdáhùn méjèèjì, ó ti pẹ́.

Ọtí máa ń mú ọpọlọ falẹ̀. Bó bá pẹ́, ọpọlọ á kọ́ láti máa sáré lòdì sí i. Bí a bá gba ọtí náà lójijì, eré yẹn á ṣẹ́kù láìsí ìjánu. Ó lè pa ènìyàn. Àmì 6 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ sínú ìwé ICD-10. Òǹgbẹ ọtí àti ìnira àìmu wà nínú wọn. Bí 3 bá pé láàárín ọdún kan, ọtí ti di ọ̀gá ẹni náà. Kì í ṣe gbogbo wọn lọwọ́ wọn ń gbọ̀n. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n ṣì lè wà nínú rẹ̀.

Bàbá Kékeré yè é. Títí dòní, bó bá gbóòórùn àgbá tí wọ́n fi ń sè é, itọ́ á kún ẹnu rẹ̀, á sì yà gba ọ̀nà mìíràn. A kì í rẹ́rìn-ín mọ́.

Ẹ jọ̀wọ́, bí ẹ bá ní irú rẹ̀ nílé, ẹ má tì í mọ́lé. Ẹ mú un lọ bá dókítà kó tó jáwọ́. Oògùn wà tí wọ́n fi ń rọra gbé ọtí kúrò lára. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.