Ní Ojú Ọ̀nà Ìrókò

Ẹ béèrè ní Ìrókò bí Mọníyà ṣe jìnnà tó, kò sẹ́ni tó máa ka kìlómítà fún yín. "Kò jìnnà, bí ẹ bá gun ọ̀kadà, ẹ ò ní í pẹ́ débẹ̀." Àkókò ni wọ́n fi ń wọn ilẹ̀. Eré ọ̀kadà ti wà nínú èsì yẹn, kò kàn sẹ́ni tó dárúkọ rẹ̀ ni.

*

Ìyá kan rin kìlómítà mẹ́ta lọ sóko, ó ru iṣu rin mẹ́ta bọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ̀ pé mẹ́fà ni. Olùkọ́ físíìsì ní láti ibi tó ti gbéra dé ibi tó parí sí, òdo ni, torí ẹnu ọ̀nà kan náà ni. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ìyá sọ̀ ná kí ẹ tó sọ fún un.

*

Ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n ṣí ní oṣù kẹfà ọdún 2021, láti Mọníyà sí Èkó: kìlómítà 157. Wọ́n ṣe ojú irin náà fún eré kìlómítà 150 ní wákàtí kan. Bó bá wá gba wákàtí méjì àbọ̀ kó tó débẹ̀, tí a pín in dọ́gba, 63 péré ni. Gbogbo ibi tó ti dúró kó èrò wà nínú 63 yẹn.

*

Àwọn dírẹ́bà ní ọ̀rọ̀ tó ju ti ìwé lọ: "Tẹná!" Bó bá tẹná, ẹ̀yìn wa á lẹ̀ mọ́ àga. Bó bá tẹ búrẹ́kì, gbogbo wa á foríbalẹ̀. Bí eré bá dúró lójú kan, kódà kó jẹ́ 100, oorun ló kàn. Ara èèyàn kì í mọ eré. Ìgbà tí eré bá yí padà ló ń mọ̀. Ní kọ́nà ńkọ́? Aago iwájú dírẹ́bà ò mì, síbẹ̀ mo ti wó lu ẹni ẹ̀gbẹ́ mi. Físíìsì ka ìyẹn náà sí ìyípadà eré, torí pé ibi tí a dojú kọ ti yàtọ̀.

*

Ìdì ẹyìn já bọ́ láti orí ọ̀pẹ tó ga ní mítà 20. Ní ìṣẹ́jú àáyá àkọ́kọ́, mítà márùn-ún ló máa rìn. Ní èkejì, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọ̀kan sí mẹ́ta: Galileo rí i ní Ítálì, nígbà tó ń yí bọ́ọ̀lù lórí pákó tó dagun, torí ohun tó ń já bọ́ yára ju ojú lọ. Bí ìdì yẹn bá fi máa kanlẹ̀, eré rẹ̀ á ti tó kìlómítà 70 ní wákàtí kan, ó ju 63 ti ọkọ̀ ojú irin lọ. Ìṣẹ́jú àáyá méjì ò tó ẹni tó wà nísàlẹ̀ láti gbójú sókè kó sì sá. Ìdí nìyẹn tí akọ̀pẹ fi ń pariwo kó tó gé e.