Òkè Ìdànrè, àti Sítóòfù Tí Kò Gba Afẹ́fẹ́

Ẹni tí ó bá rìn ni í ròyìn. Nítorí náà ni mo ṣe mú kálàmù láti sọ ti ìrìn àjò tí èmi, ọ̀rẹ́ mi àgbà kan tí ó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ tíṣà, àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún 9, rìn lọ sí orí òkè Ìdànrè. N ó sọ ti ẹwà ibẹ̀, ṣùgbọ́n n kò ní fi ìtìjú ara mi pamọ́, nítorí ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀ fún ilé gbogbo.

Ìdànrè wà ní gúúsù Àkúrẹ́, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ìlú kòkó sì ni. Bí ènìyàn ti ń súnmọ́ ọn, àwọn àpáta ńlá yóò yọ sí i lọ́tùn-ún àti lósì, wọn a ga gògòrò, omi òjò a sì máa dán lára wọn. Lórí òkè yìí ni ìlú àtijọ́ wà, tí a ń pè ní Ùfẹ̀-Òkè, kí àwọn ará ibẹ̀ tó sọ̀kalẹ̀ wá sí ìlú tí ó wà ní ìsàlẹ̀ lónìí. Àtẹ̀gùn tí a ó gùn dé ibẹ̀ ju 600 lọ. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí kà á sókè. Nígbà tí ó dé 200, èémí kò jẹ́ kí ó lè kà mọ́, baba rẹ̀ àgbà sì rẹ́rìn-ín títí.

Nígbà tí a dé òkè, a rí ààfin àtijọ́ ti Ọwá, ilé ẹjọ́ àtijọ́, àti ilé ìwé tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1896. A rí ojú ẹsẹ̀ Agbóógun lára àpáta, èyí tí àwọn ará Ìdànrè sọ pé ó ń gba ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni, ìbáà tóbi, ìbáà kéré. Ní ọdún 2007 ni Nàìjíríà fi òkè náà sínú ìwé àwọn ibi tí ó ń dábàá fún UNESCO, pé kí a kà á mọ́ ohun ìní gbogbo ayé. Ẹni tí ó bá dúró níbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, tí kùrukùru ń gba àárín àpáta kọjá, tí ìlú ìsàlẹ̀ sì ń tan iná rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò ní béèrè ìdí rẹ̀.

A ti gba àṣẹ láti sùn síbẹ̀ mọ́jú. Òjò rọ̀, gbogbo igi ìdáná sì rin gbingbin, ṣùgbọ́n èmi kò mikàn, nítorí mo ru sítóòfù idẹ mi dání, irú èyí tí a ń fún afẹ́fẹ́ sí. Frans Wilhelm Lindqvist, ará Sweden, ni ó ṣe irú rẹ̀ jáde ní ọdún 1892. Òun ni Roald Amundsen gbé dé ìpẹ̀kun ayé ní gúúsù ní 1911, òun náà ni wọ́n sì lò ní òkè Everest ní 1953. Mo ti ń fọ́nnu sí ọ̀rẹ́ mi láti Àkúrẹ́ wá pé, “Bàbá, sítóòfù tí ó yọ́ yìnyín nínú òtútù bẹ́ẹ̀ kò lè já wa kulẹ̀.”

Ní òru ni inú ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí ṣí. Ó yàgbẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ojú rẹ̀ sì wọ inú. A mọ ohun tí ó yẹ: lítà kan omi mímọ́, ṣúgà ṣíbí tíì 6 tí a gé lórí pẹrẹsẹ, àti iyọ̀ ìdajì ṣíbí. A ní ṣúgà, a ní iyọ̀. Ṣùgbọ́n omi odò ni omi wa, a kò sì lè fún un mu láìsè é.

Mo dáná sí sípírítì inú abọ́ kékeré tí ó wà lábẹ́ orí sítóòfù kí orí náà lè gbóná, mo dí ìdérí afẹ́fẹ́, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí fa pọ́ǹpù. Kíyèsi i, ọwọ́ pọ́ǹpù ń lọ ó ń bọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni pé kò sí ohunkóhun nínú rẹ̀! Sípírítì jó tán, iná kò ràn.

Mo ronú díẹ̀ sí i. Afẹ́fẹ́ tí a bá tì wọ inú táńkì ni ó ń ti epo gòkè. Orí tí ó gbóná ni ó ń sọ epo di oru. Oru náà ni ó ń jáde ní ojú ihò tín-ín-rín tí ó sì ń jó ní àwọ̀ aró. Bí pọ́ǹpù kò bá le lọ́wọ́, afẹ́fẹ́ kò wọlé. Mo kọ́kọ́ ṣí ìdérí afẹ́fẹ́, mo tú ìdérí pọ́ǹpù, mo sì fa ọ̀pá rẹ̀ jáde. Awọ kékeré tí ó dàbí ife ní ìsàlẹ̀ ọ̀pá náà ti gbẹ, ó sì ti súnkì. Ó yẹ kí etí rẹ̀ fẹ̀ kan ara ihò pọ́ǹpù yíká. Ọdún kan gbáko ni mo fi gbé e sórí pẹpẹ láìfi òróró kàn án.

Ojú tì mí. Mo ní, “Bàbá, ẹ má bínú, ẹ̀bi mi ni.” Wọn kò dá mi lóhùn, wọ́n kàn na ìgò òrí tí wọ́n fi ń pa orúnkún sí mi. Mo fi òrí ra awọ náà títí ó fi rọ̀, mo fi ìka fẹ etí rẹ̀, mo sì rọra dá a padà kí ó má baà ṣẹ́ po. Mo tún tan sípírítì. Ní fífà kẹta, pọ́ǹpù le lọ́wọ́ mi. Iná hó ṣùù. Omi hó, a bu iyọ̀ àti ṣúgà sí i nígbà tí ó tutù, ọmọ náà sì ń mu ún ní ṣíbí-ṣíbí títí ilẹ̀ fi mọ́. Ní òwúrọ̀ a gbé e sọ̀kalẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn. Ara rẹ̀ sì yá.

Nígbà tí mo délé, mo rí àrùn kejì. Bí mo bá fún afẹ́fẹ́ sí i, ọwọ́ pọ́ǹpù á dìde fúnra rẹ̀, kẹrosíìnì á sì máa sun wọ inú ihò pọ́ǹpù. Èyí kì í ṣe ti awọ. Fáàfù tí ó wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá ni, tí kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ padà sẹ́yìn. Ìdọ̀tí ti wọ̀ ọ́, róbà rẹ̀ sì ti le. Alátùn-únṣe kan tí ó ní kọ́kọ́rọ́ gígùn ni ó tú u, tí ó nù ún, tí ó sì pààrọ̀ róbà rẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá àti bàbá, ẹ fi nǹkan wọ̀nyí sọ́kàn. Ẹ má rọ epo kọjá ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin táńkì, kí afẹ́fẹ́ lè rí àyè. Bí afẹ́fẹ́ bá ń jò, omi ọṣẹ ni kí ẹ fi wá a, ẹ má ṣe fi iná. Ẹ má ṣí táńkì nígbà tí ó bá gbóná. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ má ṣe da bẹntiróò mọ́ kẹrosíìnì láé, nítorí ikú ni. Kí ẹ sì kan òróró mọ́ awọ pọ́ǹpù nígbà tí ẹ kò lò ó pàápàá.

Ìgbà tí a kò ní ohun èlò í lò ni ó yẹ kí a tọ́jú rẹ̀; ọjọ́ tí a bá nílò rẹ̀, ó ti pẹ́ jù. Òkè Ìdànrè ni mo gùn kí n tó kọ́ ọ. Ẹ̀yin lè kọ́ ọ láti orí àga yín. Ó dìgbà o.