Ọmọ Akpassi tí ogun pa lẹ́yìn odi

Àwọn àgbà ní ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Nígbà tí a wà ní kékeré, a máa ń gbọ́ òwe yìí lẹ́nu wọn, a sì rò pé ìgbéyàwó àti iṣẹ́ ajé nìkan ni wọ́n ń tọ́ka sí, pé bó pẹ́ bó yá olúkúlùkù yóò gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ. A kò rò ó pé ogun lè tú wa ká. Àkọsílẹ̀ yìí wà fún ìrántí ọ̀rẹ́ mi kan, ọmọ bíbí Akpassi, tí ogun pa ní Abidjan ní ọdún 2011. N kò ní kọ orúkọ rẹ̀ síbí, nítorí àwọn ọmọ rẹ̀ ló ni orúkọ náà. Àwọn ẹgbẹ́ wa nílé yóò mọ ẹni tí mò ń sọ.

Ilé baba rẹ̀ àti ilé baba mi fara kan ara wọn. A jọ kọ ebè iṣu, a jọ dẹ pàkúté fún òkété, a jọ jókòó lórí àga kan náà ní ilé ẹ̀kọ́. Eré tí a fẹ́ràn jù ni eré ogun. Pòròpórò ọkà ni ìbọn wa, ogun Dànhọmẹ̀ sì ni ogun tí a ń ṣe. Láyé ọba Gezo àti ọba Glele, àwọn ọmọ ogun Dànhọmẹ̀ a máa ya wọ ilẹ̀ Mahi àti ilẹ̀ àwa ọmọ Yorùbá láti kó ènìyàn lẹ́rú. Ní ọdún 1886 ni wọ́n pa ìlú Kétu run. Àwọn ìyá wa àgbà ń sọ ìtàn yẹn bí ẹni pé àná ni ó ṣẹlẹ̀. Nítorí náà, kò sí ọmọ tí ó fẹ́ ṣe Dànhọmẹ̀ nínú eré wa. Àwọn tí ó kéré jù ni a máa ń fipá fi síbẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kì í jà ní tirẹ̀. Òun ni olùṣọ́. Yóò gun orí òkúta, yóò sì ké tantan nígbà tí ó bá rí ọ̀tá lókèèrè. Ohùn rẹ̀ lọ sókè tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn obìnrin tí ń bọ̀ láti odò fi máa ń dúró wò wá.

Kí a tó bí wa ni ọ̀nà Abidjan ti là. Kọfí àti kòkó ló ń fa ènìyàn lọ síbẹ̀, nígbà tí àwọn Faransé ṣì ń ṣe àkóso ilẹ̀ méjèèjì. Àwọn ọmọ Dahomey tí ó mọ̀wé ń ṣe akọ̀wé níbẹ̀, àwọn mìíràn ń ṣòwò, àwọn mìíràn sì ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́. Ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1958, àwọn ọ̀dọ́ ìlú náà dìde sí àwọn ọmọ Dahomey àti ọmọ Togo, wọ́n ní àwọn àlejò ti gba iṣẹ́ mọ́ àwọn lọ́wọ́. Wọ́n fọ́ ilé, wọ́n kó ẹrù, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì sá padà wá sílé. Baba ọ̀rẹ́ mi wà lára wọn. Àpótí onírin kan ṣoṣo ni ó gbé dé Akpassi lẹ́yìn ọdún púpọ̀ lájò.

Nígbà tí ọ̀rẹ́ mi sọ fún un ní ọdún 1979 pé òun ń lọ sí Abidjan láti ṣiṣẹ́ ìránṣọ, baba náà kò sọ pé lọ, kò sì sọ pé má lọ. Ó wọ yàrá, ó gbé àpótí onírin náà jáde, ó nu eruku ara rẹ̀ nù, ó sì gbé e fún ọmọ rẹ̀. Èmi lọ sí yunifásítì ní Abomey-Calavi, òun lọ sí Abidjan. Ọ̀nà pín.

Àdúgbò Abobo ni ó tẹ̀dó sí. Ẹ̀rọ ìránṣọ kan ni ó fi bẹ̀rẹ̀; nígbà tó yá, ó ní mẹ́rin, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́. Ó fẹ́yàwó síbẹ̀, ó bímọ síbẹ̀. Bí ó bá wá sílé nígbà iṣu tuntun, aṣọ tí ó rán fúnra rẹ̀ ni yóò kó wá fún ìyá rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ayé ń yí lọ́hùn-ún. Lẹ́yìn ikú Ààrẹ Houphouët-Boigny ní ọdún 1993, ọ̀rọ̀ ta ni ọmọ onílẹ̀, ta ni àlejò, gba ẹnu àwọn olóṣèlú kan. Ní ọjọ́ 19 oṣù Ọwẹ́wẹ̀ ọdún 2002, ọ̀tẹ̀ àwọn ọmọ ogun pín orílẹ̀-èdè náà sí méjì, àríwá lọ́tọ̀, gúúsù lọ́tọ̀. Ọ̀pọ̀ ará ilé wa padà wá nígbà yẹn. Ọ̀rẹ́ mi dúró.

Wọ́n dìbò ààrẹ ní ọjọ́ 28 oṣù Bélú ọdún 2010. Àjọ elétò ìdìbò ní Alassane Ouattara ló wọlé, ìgbìmọ̀ tí ń ṣọ́ òfin orílẹ̀-èdè ní Laurent Gbagbo ni. Abobo di ojú ogun láàárín àwọn ọmọ ogun Gbagbo àti àwọn alátakò tó dira ogun. Ní ọjọ́ 3 oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2011, wọ́n yìnbọn pa obìnrin méje tí ń wọ́de ní àdúgbò náà. Ní ọjọ́ 17 oṣù kan náà, àdó olóró bọ́ sí ọjà Abobo. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní ó kéré tán, ènìyàn 25 ló kú.

A máa ń bá ara wa sọ̀rọ̀ lórí fóònù ní gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó máa bọ̀ nílé. Mo ní, "Ogun àwítẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n." Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ti kó ìyàwó àti àwọn ọmọ kúrò ní Abobo, ṣùgbọ́n aṣọ oníbàárà ń bẹ lọ́wọ́ òun, owó wọn sì ti wọlé. Bí òun bá lọ, wọn yóò ní ọmọ Benin gbé aṣọ àwọn sá lọ. Bí ó ti kú nìyẹn. Ọta ìbọn kan bá a lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kí oṣù náà tó parí. Kò dìbò, kò gbé ìbọn, kò sì sí nínú ẹgbẹ́ òṣèlú kankan. Àwọn aládùúgbò ló sáré sin ín. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ padà débẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n mú Gbagbo ní ọjọ́ 11 oṣù Igbe, àwọn tí ó sin ín ti túká, kò sì sí ẹni tí ó lè fi ibojì hàn án.

Ní Akpassi, ìbéèrè kan ṣoṣo ni ìyá rẹ̀ ń bi gbogbo ẹni tí ó wá kí i: "Níbo ni wọ́n sin ín sí?" Ìdáhùn kò sí. Àwọn àgbà ilé jókòó. Àṣà wa ni pé bí ọmọ ẹni bá kú sí ọ̀nà jíjìn, a ó gé irun àti èékánná rẹ̀ wálé, a ó sì sin ín bí ẹni sin òkú. Èyí kò ní irun, kò ní èékánná. Àwọn kan ní a kò lè sin òfo. Àwọn kan ní bí a kò bá sin ín, kò ní bá àwọn baba rẹ̀ pé, ilé kò sì ní rójú. Ọjọ́ kejì ni ẹni tí ó dàgbà jù lọ láàárín wọn béèrè ohun tí ọwọ́ òkú náà ti kàn tí ó kù nílé. Ìyá dìde, ó mú ìró kan wá tí ọmọ rẹ̀ rán etí rẹ̀ fún un. Àgbà náà ní, "Òógùn ọwọ́ rẹ̀ wà lára èyí." Wọ́n gé etí aṣọ náà, wọ́n sì sin ín sí ẹ̀bá baba rẹ̀, ẹni tí ó ti ṣáájú rẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ yẹn, ìyá kò béèrè mọ́.

Mo ń sọ èyí nítorí àwọn kan rò pé àṣà jẹ́ òfin líle tí kò ṣe é yí. Èyí tí mo rí lọ́jọ́ náà rí ọ̀nà gbà fún ìyá kan láti sin ọmọ rẹ̀.

Ọmọkùnrin rẹ̀ àgbà wá sílé lẹ́yìn náà. Ní Abidjan, ọmọ Benin ni wọ́n ń pè é. Nígbà tí ó dé Akpassi, ọmọ Côte d'Ivoire ni wọ́n ń pè é. Ó bi mí bí wọ́n ti ń ki baba rẹ̀. Mo ki í ní ìwọ̀nba tí mo mọ̀, ó sì gbà á sílẹ̀ sínú fóònù rẹ̀. Ìyá àgbà tí ì bá kì í tán ti kú.

Ènìyàn tí ó lé ní 3,000 ni ìwádìí ìjọba ibẹ̀ sọ pé rògbòdìyàn náà pa. Wọ́n gbé Gbagbo lọ sí ilé ẹjọ́ àgbáyé ní La Haye, wọ́n dá a sílẹ̀ ní ọdún 2019, wọ́n sì fi òǹtẹ̀ tẹ ìdáláre náà ní ọdún 2021. Ohun tí kò sí nínú ìwé àwọn adájọ́ ni ilé tí olúkúlùkù òkú ti wá. Iṣẹ́ tiwa nìyẹn. Ogun kò sì jìnnà sí wa mọ́: ní ọjọ́ 17 oṣù Igbe ọdún 2025, ọmọ ogun Benin 54 ló kú ní àríwá ilẹ̀ wa lọ́wọ́ àwọn agbésùnmọ̀mí, gẹ́gẹ́ bí ìjọba fúnra rẹ̀ ti kéde. Ọmọ ìlú kan ni olúkúlùkù wọn.

Ààfin ni ibi tí ìlú ti ń rántí. Níbẹ̀ ni a ti ń ki àwọn ọba tí ó ti wàjà àti àwọn akọni tí ó kojú ogun àtijọ́. Mo bẹ Kábíyèsí àti àwọn ìjòyè pé kí wọ́n jẹ́ kí a fi àwọn ọmọ tí ogun òde òní pa kún un, ìbáà jẹ́ ọmọ ogun, ìbáà jẹ́ aránṣọ. Àwọn ará Savalou ń ṣe ọdún iṣu ní ọjọ́ 15 oṣù Ògún lọ́dọọdún, gbogbo ọmọ wọn a sì máa wálé. Nígbà tí a bá ń jẹ iṣu tuntun tiwa, tí a sì ń gbàdúrà fún àwọn ọmọ tí ó wà lájò, kí a dárúkọ àwọn tí kò ní padà wá mọ́, àti orúkọ baba àti ìyá wọn. Kò ná wa ní kọ́bọ̀.

Ẹ̀yin ọmọ Akpassi nílé àti lẹ́yìn odi, bí ogun bá ti pa ẹnì kan nínú ilé yín, ní Abidjan tàbí níbòmíràn, ẹ kọ orúkọ rẹ̀, ilé rẹ̀, oríkì rẹ̀ àti ibi tí ó kú sí, kí ẹ sì mú un lọ fún àwọn àgbà. Ẹ ṣe é nígbà tí àwọn tí ó lè kì í ṣì wà láàyè.