Ọwọ́ ta ni kàyé ẹgbẹ́ wà?



Ní Dakar, ilé-ẹ̀kọ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní EBAD. Láti 1963 ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ UNESCO. Ìtọ́jú ìwé àti àkọsílẹ̀ ni wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ. Yunifásítì Ìbàdàn náà dá tirẹ̀, ARCIS, sílẹ̀ ní 1990.

Ọmọ tó bá dé irú ibẹ̀, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni ẹbí rẹ̀: wọ́n á bá a wá yàrá, wọ́n á bá a dé ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀gá. Ṣùgbọ́n ọdún bíi méjì péré ni máàsítà. Bí ààrẹ àti akọ̀wé bá lọ láìfa kàyé ìpàdé àti ti owó lé ẹni tuntun lọ́wọ́, ẹgbẹ́ tún bẹ̀rẹ̀ láti òdo.

Ẹgbẹ́ ìlú tiwa ńkọ́? Inú àpò akọ̀wé ni kàyé wa ń gbé. Bó bá kú, tàbí bó bá bínú, ẹ̀rí owó àti ti ilẹ̀ bá a lọ.

Ẹ̀yin ọmọ wa tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí, ẹ fi ẹgbẹ́ yín kọ́wọ́, kí ẹ sì wá bá wa tún tilé ṣe.