Kí A Tó Fi Ọkọ̀ Wọ Odò

Ní àkókò òjò kan, mo ń kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi mẹ́ta lọ sí oko kan ní agbègbè Èjìgbò. Odò tí mo máa ń fi ọkọ̀ là kọjá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ti kún. Mo gbójú lé ọkọ̀ mi, nítorí pé táyà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ẹ́ńjìnnì ń yí.

Ìyá àgbà kan tí ó ń fọ aṣọ létí odò ní, “Ọmọ mi, odò kò mọ olùkọ́ o.” Mo fi ọ̀pá rẹ̀ wọn omi: ó ga ju orúnkún mi lọ. Omi tí ń ṣàn, tí ó bá jìn tó sẹ̀ǹtímítà 60, lè gbé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ lọ.

Ojú tì mí, ṣùgbọ́n mo yí padà. Ẹni tí ó padà lónìí lè tún wá lọ́la.