Ẹ̀rọ Pọ́ọ́kú, Íǹkì Ọ̀wọ́n

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọ̀wọ́n là á ra ògo, ọ̀pọ̀ là á ra ọ̀bùn. Ṣùgbọ́n ọjà kan wà ní ìlú Èkó wa yìí tó da òwe náà rú pátápátá. Ẹ lè rà á ní ọ̀pọ̀ lónìí, kí ẹ sì máa san ọ̀wọ́n rẹ̀ títí ọjọ́ alẹ́. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kékeré tí à ń gbé sórí tábìlì nílé ni mo ń sọ, èyí tó ń fi íǹkì olómi tẹ̀wé. Ó dà bí ẹni tí wọ́n fún ní ìyàwó láìgba owó orí, tí àwọn àna wá ń yalé rẹ̀ lóṣooṣù wá gba owó.

Iṣẹ́ tíṣà ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì. Agbègbè Lawanson ní Súrùlérè ni mo ń gbé, ibẹ̀ náà ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní lẹ́sìn nírọ̀lẹ́. Ọmọ méjìdínlọ́gbọ̀n ni wọ́n. Púpọ̀ nínú àwọn ìyá wọn ló ń tajà lẹ́bàá ọ̀nà: ọ̀kan ń din dùndún ní Ojúẹlẹ́gba, òmíràn ń ta ata ní Mushin. Apá wọn kò ká ìwé ìbéèrè tí ọmọ yóò fi dánra wò kí ó tó wọ sẹ́kọ́ńdìrì, nítorí náà èmi ni mo ń kọ ìbéèrè, tí mo sì ń tẹ̀ ẹ́ nílé. Ewé méjì ni ọmọ kọ̀ọ̀kan ń gbà lọ́sẹ̀. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ewé 56 lọ́sẹ̀ kan, ewé 672 ní táàmù ọlọ́sẹ̀ 12.

Nígbà tí ìjọba jẹ́ kí náírà lọ wá iye tirẹ̀ lọ́jà ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, gbogbo ohun tó ń ti òkè òkun wọlé ló fò sókè, íǹkì kò sì gbẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ wá di méjì: kí n fi owó kún owó lẹ́sìn, tàbí kí n wá íǹkì tí apá mi ká. Mo mọ̀ pé bí mo bá fi ẹgbẹ̀rún náírà kan péré kún un, ìyá onídùndún yóò kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, yóò sì mú ọmọ rẹ̀ lọ. Ọmọ yẹn ló mọ ìṣirò jù nínú gbogbo wọn. Bí mo ṣe di akẹ́kọ̀ọ́ íǹkì ní ọjọ́ ogbó mi nìyẹn.

Ẹ̀rọ yìí kò fìgbà gbogbo pọ́ọ́kú o. Ní ọdún 1977, Ichiro Endo, òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ Canon ní Japan, rí i tí irin gbígbóná tí wọ́n fi ń jó wáyà pọ̀ kan abẹ́rẹ́ tí íǹkì wà nínú rẹ̀, tí íǹkì sì tú jáde lẹ́nu abẹ́rẹ́ náà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti mọ̀ pé ooru lè ta íǹkì sórí ìwé. Ilé iṣẹ́ HP ní Amẹ́ríkà náà ń ṣe tirẹ̀ lọ́tọ̀. Wọ́n gbé ThinkJet jáde ní 1984, wọ́n sì gbé DeskJet jáde ní 1988. Owó DeskJet àkọ́kọ́ yẹn súnmọ́ ẹgbẹ̀rún dọ́là. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, owó ẹ̀rọ ń wálẹ̀, àwọn tó ń ṣe é sì gbé èrè wọn lé orí íǹkì. Àwa tí a rò pé a rí ọjà pọ́ọ́kú rà, a ò mọ̀ pé ẹnu ọ̀nà la ṣì wà.

Nítorí náà, bí ẹ bá dé Ọ̀tígbà n'Ìkẹjà, ibi tí gbogbo ayé ń pè ní Computer Village, tàbí tí ẹ wọ ṣọ́ọ̀bù kan ní Yaba, ẹ má bèèrè "Èló ni?" nìkan. Ẹ bèèrè pé, "Ewé mélòó ló ń tẹ̀?" Kátíríìjì HP 123 dúdú, nǹkan bí ewé 120 ni, 123XL tí í ṣe ẹ̀gbọ́n rẹ̀, 480, HP 652 dúdú, 360. Ẹ wá fi iye ewé pín owó. Ká ní wọ́n pe kékeré ní 12,000 náírà, tí wọ́n sì pe ńlá ní 24,000. Ẹni tó ń sá fún owó ńlá yóò mú kékeré, bẹ́ẹ̀ ọgọ́rùn-ún náírà ló ń san lórí ewé kan, nígbà tí ẹni tó mú ńlá ń san àádọ́ta. Ẹ sì rántí pé ewé tí wọ́n fi ṣírò yìí, ọ̀rọ̀ díẹ̀ ló wà lójú rẹ̀. Íǹkì kò bò ju ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Bí tiyín bá kún fún àwòrán, íǹkì yóò tán kíákíá.

Ọmọkùnrin kan tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ní Ṣómólú, ìlú àwọn atẹ̀wé, ló là mí lójú lórí rífíìlì, ìyẹn ni kí a fi abẹ́rẹ́ rọ íǹkì sínú kátíríìjì tó ti tán.

"Mà, irú ẹ̀rọ wo lẹ ní?" ó bi mí.

Mo ní, "Ṣé gbogbo wọn kì í ṣe ọ̀kan náà ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Rárá o, mà. Orí wọn ló yàtọ̀."

Ó ní ojú ihò wínníwínní tí íǹkì ń gbà jáde ni wọ́n ń pè ní orí. Nínú ọ̀pọ̀ HP àti Canon kékeré, ara kátíríìjì ni orí náà wà. Bí íǹkì rífíìlì bá bà á jẹ́, kátíríìjì nìkan ló lọ. Ṣùgbọ́n inú ẹ̀rọ gan-an ni orí Epson wà. Bí íǹkì tí a kò mọ orírun rẹ̀ bá dí i, ó lè jẹ́ gbogbo ẹ̀rọ ló lọ yẹn. Ó ní kí n má jẹ́ kí íǹkì gbẹ tán pátápátá kí n tó rọ òmíràn, nítorí íǹkì náà ló ń tu orí lára. Bó bá ń gbóná lásán, yóò jó. Ó tún ní kí n tẹ ọ̀rọ̀ díẹ̀, kí n jẹ́ kó gbẹ, kí n sì kán omi sí i. Bí dúdú náà bá ṣàn bí aró, kí n má fi tẹ ohun tí ọmọ yóò gbé rin nínú òjò.

"Bí ẹ bá sì fẹ́ ra tuntun ńkọ́, mà," ó ní, "ẹ wo bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, ẹ wo ọjọ́ tí yóò kú. Ayédèrú pọ̀ nígboro." Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

Ọ̀rọ̀ rífíìlì yìí ti dé ilé ẹjọ́ rí lókè òkun. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, àwọn ẹ̀rọ HP kan kọ kátíríìjì tí ilé iṣẹ́ mìíràn ṣe, àwọn èèyàn sì pariwo. Ní ọdún 2017, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà dá ẹjọ́ láàárín Lexmark àti Impression Products, tó ń ra kátíríìjì tó ti tán, tó ń kún un, tó sì ń tà á. Íǹkì ìyẹ̀fun ni tiwọn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan náà ni: wọ́n ní ẹni tó ti ta ọjà rẹ̀ kò lè fi ẹ̀tọ́ ìhùmọ̀ rẹ̀ lé ọjà náà kiri mọ́.

NEPA náà ń jẹ nínú íǹkì wa. Bí iná bá lọ nígbà tí ẹ̀rọ ń tẹ̀wé, orí rẹ̀ yóò wà ní ìta láìní ìdérí, pàápàá nígbà ọyẹ́, yóò sì gbẹ. Bí iná bá dé, ẹ̀rọ á fi íǹkì fọ ẹnu rẹ̀. Bọ́tìnnì rẹ̀ ni kí ẹ fi pa á, ẹ má kàn yọ ọ́ lára ògiri. Ẹ sì máa tẹ ewé kan, ó kéré tán, lọ́sẹ̀.

Ẹ lè bi mí pé kí ló dé tí n kò tẹ ẹyọ kan, kí n lọ ṣe fotokópì ìyókù. Mo ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn, ó sì dára fún ẹni tó ń ṣe ẹ̀dà púpọ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè ìdánwò tó ti kọjá lọ́wọ́ ẹni mẹ́ta ti di orin àdúgbò.

Ohun tó yọ mí ni ẹ̀rọ alágbá, èyí tí a ń da íǹkì inú ìgò sí. Epson ló kọ́kọ́ gbé irú rẹ̀ jáde fún títà ní Indonéṣíà ní 2010, lẹ́yìn tí àwọn èèyàn ibẹ̀ ti ń so rọ́bà àti ìgò mọ́ ẹ̀rọ fúnra wọn. Ìgò Canon GI-490 dúdú kan ń tẹ nǹkan bí ewé 6,000: táàmù mẹ́jọ gbáko fún mi, ó tún ṣẹ́ kù. Ẹ̀rọ náà ló wọ́n. Ni mo bá pe télọ̀ tó wà nísàlẹ̀ àti akọ̀wé ìjọ wa, a dá èsúsú oṣù márùn-ún, a sì rà á. Oko kì í jẹ́ ti baba tọmọ kó má ní ààlà: ìwé àkọsílẹ̀ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, olúkúlùkù sì ń kọ iye ewé tó tẹ̀ síbẹ̀, iye yẹn la fi ń pín owó ìgò.

Ẹ̀yin tí ẹ kì í tẹ̀ ju ewé mẹ́wàá lọ lóṣù, ẹ má wulẹ̀ da owó sí ẹ̀rọ alágbá. Kátíríìjì ńlá kan, tàbí bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà, ti tó yín. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ máa tẹ̀wé lójoojúmọ́, kó bèèrè owó oúnjẹ ẹ̀rọ kó tó gbé ẹ̀rọ wọlé. Ní tèmi o, owó lẹ́sìn kò kúrò níbi tó wà, ọmọ onídùndún sì ṣì jókòó níwájú.